Ẹni Tó Ń Tẹ Funfun Nìkan

Ọjọ́bọ̀ kan lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni Ọládipọ̀ pe àbúrò rẹ̀, Adéfúnkẹ́, lórí fóònù láti Àpòmù. Ó ní kí ó fi gbogbo ohun tó ń ṣe sílẹ̀ kí ó máa bọ̀, ìyá wọn fẹ́ rí i. Adéfúnkẹ́ ń rán búláòsì kan lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ n'Ìkirè. Kò tilẹ̀ já òwú lẹ́nu abẹ́rẹ́ tó fi dìde. Ọ̀kadà ló gùn. Ọ̀nà náà ò jìn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, àfi bíi pé ẹnìkan fà á gùn sí i.

Ó bá Màmá lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá iwájú. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọsibítù kan n'Ìbàdàn ló ti lọ kí i. Àwọn dókítà ti wá ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, gbogbo wa la sì mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Màmá ti rù kan eegun. Ojú rẹ̀ nìkan ló ṣì wà bó ṣe wà, ojú tí kì í fi nǹkan bọpo bọyọ̀.

“Fúnkẹ́, jókòó,” ni Màmá wí. “Mi ò fẹ́ ẹkún. Ọ̀rọ̀ ìsìnkú mi ni mo fẹ́ bá ọ sọ.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ètò náà lọ́kọ̀ọ̀kan: aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ fún un, alùfáà tí kò gbọdọ̀ wàásù ju ogún ìṣẹ́jú lọ, àna kan tí wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó sún mọ́ ìkòkò ọbẹ̀. Adéfúnkẹ́ ń mi orí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín níbi ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀. Ìgbà náà ni Màmá wá sọ èyí tó dá a dúró.

“Bí wọ́n bá ń gbé mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì, orin mi yẹn ni kí wọ́n kọ. O mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni wàá tẹ̀ ẹ́, dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ni wàá fi tẹ̀ ẹ́. Má gbé ẹ̀rọ oníná yín yẹn wá sórí òkú mi o.”

“Mo gbọ́, Màmá,” ni Adéfúnkẹ́ dáhùn. Ẹ̀rù sì bà á.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín ìdí tí ẹ̀rù fi bà á. Adéfúnkẹ́ ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Aládùúrà ni ọkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni òun náà sì bá a lọ. Nígbà tí ẹni tó ń tẹ kíìbọ́ọ̀dù níbẹ̀ kó lọ sí Èkó, kò sí ẹlòmíràn, Adéfúnkẹ́ bá jókòó tì í. Ó fi ọdún méjìlá jókòó tì í. Sísítà Ọ́gáànù ni wọ́n ń pè é n'Ìkirè, bó bá ń kọjá lọ́jà, àwọn èèyàn á máa fi ìka tẹ afẹ́fẹ́ kí i.

Ṣé ẹ rí i, àwọn ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa lórin, dò-rè-mí ló wà nínú wọn. Ẹni tó bá mọ dò-rè-mí lè fi dò sórí C, ọ̀kan nínú àwọn ibi funfun tí ìka ń tẹ̀, kí ó máa tẹ àwọn funfun lọ ní tirẹ̀. Bí orin bá ga jù tàbí tó lọ sílẹ̀ jù, bọ́tìnnì kan wà lára kíìbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní transpose. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀rọ á bá ọ gbé gbogbo orin náà sókè, ìka rẹ ò sì ní kúrò níbi tó wà. Ìjọ á máa jó, wòlíì á máa pariwo Halelúyà, ta ni yóò wá wo ọwọ́ rẹ? Kì í ṣe Adéfúnkẹ́ nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lágbègbè wa, mo sì lè dárúkọ mẹ́rin. Ní gbogbo ọdún méjìlá náà, ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ nípa àwọn dúdú tó wà láàárín àwọn funfun ni pé wọ́n máa ń gba eruku, á sì fi aṣọ nù wọ́n.

Dùùrù Àpòmù ò gba irú ìyẹn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ atẹ́gùn sí i nínú, kò lo iná, kò ní bọ́tìnnì kankan tó ń gbé orin. Orin Màmá sì rèé, A-flat ló wà. Orí dúdú gan-an ni dò rẹ̀ jókòó sí, bí ẹnì kan bá sì fi í sórí C, á ga jù fún ìjọ.

Èyí tó tún wá burú ni pé Màmá ti fi nǹkan bí àádọ́ta ọdún kọ áltò, ohùn abẹ́ tàwọn obìnrin, nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Etí rẹ̀ ò ṣeé tàn. Kò tíì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ọmọ rẹ̀ n'Ìkirè rí, torí kò fẹ́ràn pé kí wọ́n máa bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá kan tí kò ti sọ ọ́ pé ọmọ òun ni ọ̀gá nídìí dùùrù. Gbogbo Àpòmù ló ń retí ọjọ́ tí ọ̀gá náà yóò tẹ dùùrù fún wọn. Adéfúnkẹ́ mọ̀ pé bí òun bá jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú tí òun bà á jẹ́, ìyá òun ni òun dójú tì, lójú gbogbo ẹni tó gbọ́ ìyangàn rẹ̀, kò sì ní sí níbẹ̀ láti gbèjà ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an ló lọ sílé Bàbá Akíndèjì. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni Bàbá, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ọwọ́ rẹ̀ sì ni dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wà fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Wọ́n jọ lọ ṣí i. Bàbá ní, “Tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́.”

Adéfúnkẹ́ jókòó. Kí ó tó mọ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti lọ sókè, ó ń wá nǹkan káàkiri lára pátákó.

“Kí lò ń wá?” ni Bàbá bi í.

Adéfúnkẹ́ gbé ọwọ́ náà padà sórí itan.

“Transpose ni mò ń wá, sà.”

Bàbá Akíndèjì ò rẹ́rìn-ín. Ìbá sàn fún Adéfúnkẹ́ bó bá rẹ́rìn-ín. Ó fa àga kan, ó jókòó. “Ọdún mélòó?”

“Méjìlá, sà.”

“Ìyá rẹ mọ̀?”

“Wọn ò mọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn.”

“Kí ni àwọn dókítà wí?”

“Wọ́n ní bóyá oṣù kan. Wọ́n ní ó lè má tó bẹ́ẹ̀.”

Bàbá fa àga rẹ̀ sún mọ́ dùùrù. “Wá lójoojúmọ́, aago mẹ́rin. Má pẹ́. Ọwọ́ òsì nìkan la ó kọ́kọ́ lò.”

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ọwọ́ òsì nìkan. Adéfúnkẹ́ rò pé ẹsẹ̀ ò ní yọ òun lẹ́nu, torí láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ ló ti ń tẹ máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló kọ́kọ́ dójú tì í. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá ń ká etí aṣọ oníbàárà tó dúró síwájú rẹ̀ ló ṣe tẹ dùùrù, dùùrù bá fi igbe ta.

“Ta ló ń lé ọ?” ni Bàbá pariwo. “Mí. Bó o ṣe ń mí ni kí ẹsẹ̀ rẹ máa lọ.”

Nígbà tí wọ́n wá dé ọwọ́ ọ̀tún, Bàbá ò jẹ́ kí ó pa méjèèjì pọ̀. Ó ní kí ó máa fi ọwọ́ òsì tẹ béèsì, kí ó sì máa fi ẹnu kọ áltò. Ẹnu rẹ̀ á sáré tẹ̀lé ọwọ́, ọwọ́ á sáré tẹ̀lé ẹnu, gbogbo rẹ̀ á dojú rú. Bí ó bá sì ṣàṣìṣe, ńṣe ló máa ń fẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe. Bàbá á fi igi lu ẹsẹ̀ àga: “O ti mọ ìbẹ̀rẹ̀! Kí lo tún ń wá lọ síbẹ̀? Ibi tó bàjẹ́ ni kí o dúró sí.” Wọ́n á mú ìró méjì péré, èyí tó bàjẹ́ àti èyí tó ṣáájú rẹ̀, Adéfúnkẹ́ á tẹ̀ wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìsí àṣìṣe. Bí ìkẹsàn-án bá bàjẹ́, ení ni wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Lọ́jọ́ kan ó bàjẹ́ ní ìkẹwàá, obìnrin tó ní ọmọ mẹ́ta sì gbé orí lé pátákó dùùrù, ó sunkún bí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá dúró títí ó fi nu ojú. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ení.”

N'Ìkirè, ó fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sára aṣọ ya funfun àti dúdú sórí tábìlì ìgẹṣọ rẹ̀. Bí kò bá sí oníbàárà, á máa tẹ tábìlì. Obìnrin kan tó wá gba kaba rẹ̀ dúró wò ó títí, ó ní kí ó lọ sinmi, pé iṣẹ́ ò ní tán láyé.

Iṣẹ́ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Fóònù ni. Bí fóònù bá ti dún tó rí orúkọ Ọládipọ̀ lójú rẹ̀, àyà rẹ̀ á já. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè máa pè é láti bèèrè ibi tí ó fi oògùn Màmá sí, ṣùgbọ́n kí ó tó gbọ́ ohùn rẹ̀, á ti gbàdúrà tán: Olúwa, jẹ́ kí wọ́n dúró, mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan ló gbọ́ àdúrà náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe pé kí ìyá òun yè ni òun ń bẹ̀bẹ̀ fún mọ́, kí ó sáà dúró de orin ni. Ojú ara rẹ̀ tì í gidigidi. Ọjọ́ kejì ó tún gbà á.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kejì, kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọládipọ̀ nínú ọgbà lẹ́yìn ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó ya ẹnu.

“Òun lò ń tìtorí rẹ̀ pa ara rẹ? Kí Bàbá Akíndèjì tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìwọ wọ aṣọ funfun, kó o jókòó tì wọ́n. Kọ́tìnnì wà níwájú dùùrù yẹn, ta ló máa rí ìdí ẹ̀? Màmá fúnra wọn ò kúkú ní gbọ́.”

“Bọ̀dá, ẹ̀tàn nìyẹn.”

“Ọdún méjìlá tó o ti ń tẹ bọ́tìnnì ńkọ́? Kí nìyẹn?”

Adéfúnkẹ́ fẹ́ bínú. Àmọ́ òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ara tù ú. Ó lọ sílé, ó sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, kò lọ sí ìdí dùùrù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò lọ. Ó rán búláòsì mẹ́ta, ó sì pa àwọn àmì ṣọ́ọ̀kì rẹ́ kúrò lórí tábìlì.

Lọ́jọ́rú ló wá kí Màmá. Ọládipọ̀ wà níbẹ̀. Màmá ní kí wọ́n gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn òun, ó sì fẹjú wo àwọn méjèèjì.

“Mo ti rò ó,” ni ó wí. “Bí mo bá ti kú, kí ni mo fẹ́ fi gbọ́ orin? Ọjọ́ Ẹtì, ẹ gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí Fúnkẹ́ tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́ ọ nígbà tí mo ṣì ní etí.”

Ọládipọ̀ ló kọ́kọ́ sáré sọ̀rọ̀. “Màmá, wọ́n ní dùùrù yẹn ti bàjẹ́ o. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe ẹni tó máa tún un ṣe.”

Màmá ò wò ó. Adéfúnkẹ́ ló ń wò. “Ṣé òótọ́ ni?”

Orí lásán ló kù kí ó mì. Bó bá mì í, ó ti bọ́ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ láéláé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Adéfúnkẹ́ wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀díṣíìtì, bó ti tín-ín-rín, ó sì rí i pé òun ò lè ṣe é.

“Irọ́ ni, Màmá. Dùùrù ò bàjẹ́. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n tẹ̀.”

Ó sọ ọ́ tán pátápátá: bọ́tìnnì, funfun, ọdún méjìlá, Bàbá Akíndèjì, ọjọ́ méjì tí kò lọ, kọ́tìnnì náà pàápàá. Màmá gbọ́ ọ délẹ̀ láì dá a lẹ́kun.

“Ọdún méjìlá,” ni Màmá wí nígbẹ̀yìn. “Gbogbo ẹnu tí mo fi yangàn.”

“Ẹ má bínú, Màmá.”

Màmá yí ojú sí ògiri. Wọ́n gbé ògì wá, kò mu ún. Ọládipọ̀ jáde. Adéfúnkẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣọ́ bí aṣọ ìbora ṣe ń gbé sókè tó ń lọ sílẹ̀, torí ẹ̀rù ń bà á pé bóyá báyìí ni ìyá rẹ̀ yóò ṣe lọ, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó kọ sí òun. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé. Àwọn adìyẹ ti ń wọlé kí Màmá tó sọ̀rọ̀, kò sì yíjú padà.

“Ìlà mélòó lo ti mọ̀?”

Adéfúnkẹ́ kọ́kọ́ rò pé òun ò gbọ́ ọ dáadáa. “Méjì, Màmá. Ìkẹrin náà ò burú. Ìkẹta ló ń dà mí láàmú.”

“Ọjọ́ Ẹtì náà la ó lọ,” ni Màmá wí. “Gbé ògì yẹn wá.”

Lọ́jọ́bọ̀, Adéfúnkẹ́ ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Akíndèjì ò bi í níbi tó ti lọ láti ọjọ́ yìí, “Ọwọ́ òsì” nìkan ló sọ. Wọ́n wà nídìí rẹ̀ láti àárọ̀ títí ẹ̀yìn fi ń ro Adéfúnkẹ́ gooro. Ìlà kẹta ò kúkú dúró.

Aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì, Ọládipọ̀ àti ẹnìkan tó ní mọ́tò gbé Màmá wọ ṣọ́ọ̀ṣì lórí àga. Wọ́n fẹ́ gbé e sí iwájú. Ó kọ̀, ó na ọwọ́ sí ibi tí àwọn áltò máa ń jókòó sí. Wọ́n gbé e síbẹ̀, lẹ́yìn ẹni tó ń tẹ dùùrù. Bàbá Akíndèjì lọ jókòó jìnnà, ó kó ọwọ́ sí àárín orúnkún. Ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo, gbogbo nǹkan ló sì ń dún nínú rẹ̀.

Adéfúnkẹ́ fi ẹsẹ̀ sí i. Ó mí. Ó gbé ìka lé dúdú.

Ìlà àkọ́kọ́ jáde bó ṣe yẹ. Ìkejì tẹ̀lé e. Ó ń rí ìkẹta bó ṣe ń bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yára, ìka rẹ̀ yára tẹ̀lé ẹsẹ̀, ó fẹsẹ̀ kọ níbi tó ti máa ń kọ, ìró burúkú kan sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fẹ́ sá padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó dá wọn dúró. Ó tẹ èyí tó ṣáájú, ó tẹ èyí tó bàjẹ́, ó tún un tẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Omi ti kún ojú rẹ̀, kò rí ìwé mọ́.

Ní ẹsẹ kejì ló gbọ́ nǹkan lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn tín-ín-rín kan ni, kò ní ọ̀rọ̀ nínú, ó ń gba abẹ́ orin náà lọ ní ibi tí áltò ń gbà. Adéfúnkẹ́ ò yíjú. Ó ń tẹ̀ ẹ́. Ohùn náà bá a dé ìlà kẹta, wọ́n jọ gbà á kọjá, ó yára díẹ̀ jù ṣùgbọ́n kò já. Ẹsẹ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Ní àárín ẹsẹ kẹrin, ohùn náà dúró.

Adéfúnkẹ́ tẹ̀ ẹ́ parí. Ó tẹ Àmín. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, afẹ́fẹ́ tán nínú dùùrù. Kò gbọ́ Bàbá, kò gbọ́ Ọládipọ̀, kò gbọ́ nǹkan kan láti ìjókòó áltò. Ó fẹ́ yíjú, ọrùn rẹ̀ kọ̀. Ó di etí àga mú, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kì í ṣe báyìí, kì í ṣe nísinsìnyí.

“Ìlà kẹta yẹn,” ni Màmá wí lẹ́yìn rẹ̀. Èémí ti tán lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. “O ń sá nínú rẹ̀. Kí lò ń sá fún? Lọ tún un ṣe. Mo ṣì lè fún ọ ní ọ̀sẹ̀ kan.”

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fún un. Lójoojúmọ́, aago mẹ́rin, Adéfúnkẹ́ wà nídìí dùùrù. Bó bá di aago mẹ́fà, ó wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Màmá á bi í bóyá ó ṣì ń sá. Á ní ó ti ń dínkù. Nígbà tó yá, Màmá ò lè bèèrè mọ́, ojú ló fi ń bèèrè, Adéfúnkẹ́ á sì dá a lóhùn bákan náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, ṣọ́ọ̀ṣì kún débi pé àwọn kan dúró síta. Gbogbo Ẹgbẹ́ Ìyá wà níbẹ̀, wọ́n na ọrùn sí ibi dùùrù, torí wọ́n ti ká kọ́tìnnì náà sókè. Wọ́n gbé pósí dé ẹnu ọ̀nà. Adéfúnkẹ́ fi ẹsẹ̀ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó gbé pósí ń bá orin náà rìn, ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí òun ṣe ń parí rẹ̀ ni ìyá òun ń lọ. Ìlà kẹta dé. Kò sá.